Ìdánwò Tí Mo Ṣe fún Fóònù Mẹ́rin

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́ bá ọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìjókòó lórí àga tí kò ní ẹ̀yìn, nítorí ìyá rẹ sọ fún mi pé irú àga bẹ́ẹ̀ lo fi ń ṣiṣẹ́, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ náà pé ẹ̀yìn á máa dùn ọ́. Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí ọmọ rẹ obìnrin tí mi ò tíì fojú rí, tí mo gbọ́ pé kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti tú rédíò ilé yín palẹ̀. Mo kí gbogbo fóònù aláìsàn tó tò sórí tábìlì rẹ, kí Ọlọ́run fi ọwọ́ rẹ wò wọ́n sàn. Kí iná má ṣe kú mọ́ ọ lójú iṣẹ́, kí síkúrù má bọ́ lọ́wọ́ rẹ sínú yẹ̀pẹ̀, kí ojú rẹ máa dá oníbàárà tó fẹ́ sanwó mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó máa ní òun ń bọ̀ lọ́la. Àmín.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé èmi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Kò sẹ́ni tó kú. Ọdún mẹ́fà rèé tí èmi pẹ̀lú rẹ ti bára wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé bí o bá rí ìkọ̀wé mi lára àpòòwé, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn ni pé bàbá tún fẹ́ wá àṣìṣe. Mi ò wá àṣìṣe kankan. Àṣìṣe tó wà nílẹ̀, tèmi ni. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n pè ọ́ kí o sì dá mi lóhùn, kí n fi etí mi gbọ́ ọ kí n tó kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà fóònù wá, nítorí náà jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ilé wà dáadáa. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Òrùlé ibi ìdáná ṣì ń jò sí ojú kan náà, a gbé ìkòkò síbẹ̀, ìkòkò náà sì ti di ará ilé. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí mò ń lò kò kú, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó bíi tèmi, nọ́ńbà márùn-ún lára rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ mọ́, ó wá di pé kìkì ẹni tí nọ́ńbà márùn-ún yẹn kò sí nínú tirẹ̀ ni mo lè pè. Ẹnì kan ṣoṣo ló bọ́ sí i. Onígbàjámọ̀ òdìkejì ọ̀nà ni, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí i láti ojú fèrèsé.

Ní oṣù tó kọjá, ọ́fíìsì tó ń sanwó fún àwa òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ránṣẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń gbowó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. Mo wọ kóòtù mi, mo de táì, mo lọ. Mo dúró níwájú akọ̀wébìnrin tó wà lójú fèrèsé, mo kí i, mo ní èmi rèé, mo wà láàyè. Ó ní òun rí mi, bàbá, ẹ kú ìrìn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò tíì rí mi. Mo ní kí ó yí kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ mi kí ó lè rí mi. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé inú fóònù ni mo ti máa fi ojú mi hàn láti ilé, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Mo bi í pé bí mo bá wá ṣubú lulẹ̀ tí mo kú síwájú rẹ̀ báyìí ńkọ́, ṣé kọ̀ǹpútà á gbà? Ó ní fọ́ọ̀mù tìyẹn yàtọ̀, pé èmi fúnra mi ló gbọ́dọ̀ wá buwọ́ lù ú. Mo yọ fóònù mi jáde, mo ní ó yá, kí a fi èyí ṣe é. Ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn mi ní kí wọ́n má fi bàbá ṣẹ̀sín, pé tọ́ọ̀ṣì tó máa ń gbàpè nìyẹn, kì í ṣe fóònù. Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Àwọn arúgbó ni wọ́n o, àwọn tí wọn kò tíì rí tiwọn lò!

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá fóònù ìgbàlódé nìyẹn, èyí tí kò ní wọ́n jù, tí a lè lò lójoojúmọ́, tí kò sì ní dójú tini. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ onífóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé èló ni mo mú wá. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, mo gba àwọn olùkọ́ síṣẹ́ kọjá kíkà, ìwà ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ìmọ̀, ìparí ni owó. Ẹni tó bá fi owó bẹ̀rẹ̀ á gba olùkọ́ tó ń sùn lójú pátákó. Onífóònù ní òótọ́ ni mo sọ, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo padà sílé, mo kọ ìkéde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn onígbàjámọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ fún fóònù kan ní ilé ọ̀gá ilé ìwé àná, kí ó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ wọ̀bìà, kí ó lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ láìjẹun lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì mú ìwé ẹ̀rí wá láti ibi tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Ìdánwò, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ya fọ́tò ìkéde náà. Mo rò pé wọ́n mọ rírì rẹ̀ ni.

Olùdíje mẹ́ta ló wá. Onífóònù mú méjì, ó ní ọjà kò yá, òun sì fẹ́ fojú ara òun rí i. Onígbàjámọ̀ mú ọ̀kan wá, tirẹ̀ àtijọ́ tí ó fẹ́ tà. Mo nu tábìlì, mo lu agogo, mo tò wọ́n ní ìlà. Onífóònù ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àwọn fóònù wọ̀nyí lè fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn gba inú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé ènìyàn rí i, nítorí náà mo gé páálí mo fi dínà sáàárín wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ìwé ẹnì kejì. Onígbàjámọ̀ jókòó sórí àpótí, ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí, kí n jọ̀ọ́ kí n máa bá a lọ.

Olùdíje Kìíní tóbi, ó ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó. Onífóònù ní ó ní ojú mẹ́rin lẹ́yìn. Mo ní ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, èyí tó wá fi ojú mẹ́rin sẹ́yìn yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń gbèrò àtiṣubú? Mo tàn án. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi ní kí n wá tẹ̀ka. Àkọ́bí mi, èmi! Èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ àwọn àgbàlagbà níwèé ní ìrọ̀lẹ́ láìgbowó, kí wọ́n lè máa buwọ́ lùwé, kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú àtàǹpàkò aláró! Mo sọ fún fóònù náà pé mo kàwé. Ó tún ní kí n tẹ̀ka. Mo bá mú bírò, mo buwọ́ lù ú lójú gíláàsì, orúkọ mi ní kíkún àti ọjọ́ oṣù lábẹ́ rẹ̀. Onífóònù ké, ó gbé ọwọ́ lérí, ó ní mo ti pa òun. Mo ní kí ó dúpẹ́, pé fóònù lásán ni tẹ́lẹ̀, ìwé àdéhùn ló dà báyìí. Ìyá rẹ ló fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè lórí ìmọ̀. Onífóònù ti ń fọ́nnu pé agbára ìrántí rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Mo ní kí ó ka ìsọdipúpọ̀ méjìlá fún mi. Ó dákẹ́. Onífóònù tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kí n tún un bi. Ohùn obìnrin kan jáde, ó ń ti imú sọ̀rọ̀, ó ní kò yé òun. Mo fún un ní máàkì kan fún òtítọ́, nítorí mo mọ àwọn olùkọ́ tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo tún béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Èsì kan náà. Mo gba ìdajì máàkì padà nítorí àìtẹ̀síwájú.

Olùdíje Kejì kéré, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, ojú mi kọ́kọ́ wà lára rẹ̀. Ó gbé àdéhùn kan síwájú mi, onífóònù sì na ìka láti tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà. Mo lu ìka náà. Mo ní ta ló ń gba ohun tí kò tíì kà? Ó ní bàbá, gbogbo ayé ló ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á. Ó gbà mí ní wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Onígbàjámọ̀ lọ gé irun ènìyàn méjì, ó sì padà wá bá mi níbẹ̀. Ìpín kẹtàdínlógún tako ìpín kẹrin. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ pé mi ò gbà, ó dá mi padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún dá mi padà. Mo ní irú ọmọ báyìí wà ní kíláàsì mi nígbà kan, tí ó máa ń bi ọ́ ní ìbéèrè títí tí o fi máa sọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Onífóònù ní kí n kàn tẹ pé mo gbà, pé irọ́ kékeré ni. Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nínú ìwé ìwà rẹ̀.

Olùdíje Kẹta, ti onígbàjámọ̀, gbóná bí irin ìlọṣọ. Ó máa ń kú fúnra rẹ̀, á sì tún jí fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń sùn nínú ìpàdé tó ń jí láti pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣí i, fọ́tò orí àwọn ọkùnrin tó ti gé irun wọn ló kún inú rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún, ìpàkọ́ nìkan, kò sí ojú kan níbẹ̀. Mo rí ìpàkọ́ tèmi náà. Mi ò mọ̀ pé ó ti rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oòrùn fi wà lágbede méjì ọ̀run, Olùdíje Kìíní tí a fún níná yó bámúbámú ní àárọ̀ ti ń pọ́n lójú, ó ń béèrè oúnjẹ mìíràn. Ó wá ku ìbéèrè ìkẹyìn, ìyẹn ìṣubú. O mọ ìyá rẹ, kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbé tí kò bọ́ rí, àfi ìwọ. Fóònù tó bá máa gbé ilé yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣubú. Mo kàn sọ fún ìyá rẹ pé kí ó bá wa nu tábìlì bó ṣe máa ń nù ún ni. Olùdíje Kejì balẹ̀, gíláàsì rẹ̀ fọ́ bí àwòrán odò àti àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé. Onígbàjámọ̀ gbé tirẹ̀, ó sáré sọdá títì. Onífóònù gbá Olùdíje Kìíní mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó, ó ní èyí tó fọ́ yẹn, èmi ni mo ni ín báyìí, mo sì gbà, nítorí èmi ni mo ṣètò ìdánwò. Mo lu agogo. Mo kéde pé kò sẹ́ni tó yege.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ wọ yàrá lọ. Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó di nǹkan kan sínú áńkáṣíìfù, ó kúnlẹ̀, ó ní olùdíje kan ló pẹ́ dé, ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

O mọ̀ pé mi ò ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá pẹ́ rí. Láàárọ̀ ìdánwò àṣekágbá, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwọ náà síta, nítorí pé o dúró bá ọlọ́dẹ tún rédíò rẹ̀ ṣe. Mo wo ìyá rẹ lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ń dùn ún. Mo ní kí ó wọlé.

Olùdíje Kẹrin ti gbó. Ara rẹ̀ ti bó, wọ́n fi téèpù dúdú di igun rẹ̀ kan. Kò ní kí n tẹ̀ka, ìyá rẹ kàn fi ìka fa ìlà lójú rẹ̀, ó sì ṣí. Mo béèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, ìyá rẹ ní àná ni, kò sì tíì béèrè òmíràn. Kí n tó lanu sọ ti ìṣubú, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó balẹ̀ bí ṣíbí, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, iná ojú rẹ̀ kò ṣẹ́jú. Onífóònù dìde dúró. Ó ní ta ló tún èyí ṣe, pé ọwọ́ onítọ̀hún dára, òun fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Mo ti ń bi olùdíje mi ní ìbéèrè. Mo ní kí ó ka ìsọdipúpọ̀. Ìyá rẹ ní méjìlá kò tíì yé e, ṣé ó lè ka méjì? Mo ní kí ó kà á. Ó tẹ ibì kan, ohùn ọmọdé kan sì jáde, ó ń kọ ọ́ lórin, méjì lọ́nà kan jẹ́ méjì, méjì lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́rin, ó ń lọ geere títí tó fi dé méjì lọ́nà mẹ́jọ, ó ní ó jẹ́ mẹ́rìnlá. Àkọ́bí mi, apá mi ti gòkè. O mọ ohun tí apá yẹn máa ń ṣe tí ọmọ bá ṣì í. Ohùn obìnrin kan wá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọmọ náà nínú fóònù, ó ní ó kù díẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, padà sí mẹ́fà kí o tún sáré wá. Ọmọ náà padà sí mẹ́fà. Ó sáré wá. Ó gbà á.

Ọdún mẹ́fà, mo sì mọ ohùn rẹ kí o tó parí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Apá mi wà lókè bẹ́ẹ̀ títí onífóònù fi bi mí bóyá mo fẹ́ béèrè nǹkan.

Ìyá rẹ wá jẹ́wọ́. Fóònù tí o tún ṣe tí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tí mo ní kí awakọ̀ gbé padà fún ọ, ó sáré tẹ̀ lé awakọ̀ náà dé ibùdókọ̀, ó gbà á padà. Láti ìgbà náà ló ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá ìkẹ́rùsí, tí ò ń gba ohùn ọmọ rẹ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo rò pé ọpọlọ rẹ̀ ló ń dàrú. Mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun nọ́ọ̀sì pé ìyàwó mi ń bá àwọn àpótí sọ̀rọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn, nọ́ọ̀sì sì fún un ní oògùn ọlọ́pọ̀ àwọ̀ tó ń lò lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ ìdánwò yẹn kí n má bàa fura.

Lẹ́tà tí o fi sínú páálí fóònù náà nìkan ló padà sọ́dọ̀ rẹ, èmi ni mo mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. O rántí bó ṣe rí. Ojú ìwé méjì. Mo fi bírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, mo fún ọ ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọmọ ọ̀gá ilé ìwé tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà tó ń tú fóònù onífóònù kò ní nǹkan kan tí èmi lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. O sọ fún mi nínú lẹ́tà yẹn pé o lóyún. Mo fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà nítorí pé o gbàgbé àmì ìdánudúró. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi lo òsì, mo lo ọ̀tún, mo tún lo bírò.

Mo ní kí olùdíje mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá, torí mo ṣì fẹ́ kí ètò wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi. Ìyá rẹ ṣí ẹ̀yìn fóònù náà. Ìwé péńpé kan wà lábẹ́ bátìrì, ìkọ̀wé rẹ ni. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún Bàbá mi, bí ó bá bàjẹ́, kí n má sọ ọ́ nù, kí n mú un wá bá ọ, pé o lè tún un ṣe. Mo rí i pé o ṣì kọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tọ̀nà níbẹ̀, ọwọ́ mi sì ti wọ àpò lọ bá bírò pupa kí n tó mọ̀. Mo yọ ọ́. Mo gbé e fún ìyá rẹ, mo ní kí ó bá mi mú un kúrò níwájú mi. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni mo fi Olùdíje Kẹrin, ìyẹn òṣìṣẹ́ wa tuntun, fi ara mi han ọ́fíìsì. Fóònù ní kí n wo iwájú, mo wò ó. Ó ní kí n ṣẹ́jú, mo ṣẹ́jú. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín, mo ṣe é, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Mo tún ṣe é. Ó ní a kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni yìí wà láàyè. Onígbàjámọ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó ní ẹ̀rọ kò jẹ̀bi, pé òun ti ń gé irun mi láti ogún ọdún, òun náà kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n ronú kan ohun tó dùn. Mo wá rántí ọjọ́ tí o tú aago ògiri ilé ìwé palẹ̀, ọmọ ọdún méje ni ọ́, tí o tún un tò padà, tí síkúrù kan ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́. Mo nà ọ́ nítorí síkúrù yẹn. Aago náà sì ti ń yára pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá, ìgbà tí o tú u tán ló tó dọ́gba, títí mo fi fẹ̀yìn tì kò ṣì mọ́. Síkúrù tí kò wúlò ni o yọ! Mo bú sẹ́rìn-ín níwájú fóònù náà, omi sì dà lójú mi, iná aláwọ̀ ewé tàn, kọ̀ǹpútà ní mo wà láàyè.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo tẹ nọ́ńbà rẹ. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á. Bí o bá rí ìpè kan ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ìyá rẹ, èmi ni. Àyà mi ló já. Ìdánwò ni, mi ò sì tíì kàwé sílẹ̀ fún un. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nìyí, kí o lè mọ ẹni tó ń pè nígbà tó bá tún dún, kí o sì lè yàn bóyá wàá gbé e tàbí o kò ní gbé e. Bí o kò bá gbé e, mi ò ní bínú. Mo ti pàdánù ìwé àṣẹ ìbínú.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Olùdíje Kejì tó fọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi aṣọ wé e. Mo fẹ́ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ kí o bá mi pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀, lẹ́yìn náà màá gbé e fún ìyá rẹ, kí ó yé fi tèmi sá wọ yàrá ìkẹ́rùsí. Màá tò sórí ìlà bí oníbàárà yòókù, màá san iye tí wọ́n ń san, o kò gbọdọ̀ dín kọ́bọ̀ kù fún mi nítorí pé mo bí ọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní tí mo bá san owó yẹn, kò ní ku owó ọkọ̀, kí n má sì fi ìgbéraga fẹsẹ̀ rìn. Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ènìyàn méjì ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti ẹnì kan lo fẹ́ fi ránṣẹ́, fi ti ìyá rẹ ránṣẹ́, màá di gíláàsì náà fún un dáadáa, kí Ọlọ́run sì bá wa dì í mú lójú ọ̀nà. Màá gbé àga kan dání, tàbí kí ó gbé e, èyí tó ní ẹ̀yìn. Àga ọ́fíìsì mi àtijọ́ ni. Káfíńtà ti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Kí ọwọ́ rẹ má wárìrì. Kí ohun tó bá bàjẹ́ tó tọ̀ ọ́ wá, kí ó máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Kí ọmọ rẹ tú gbogbo aago ayé palẹ̀ kí ó sì tò wọ́n padà, kí síkúrù máa ṣẹ́ kù, kí ẹnikẹ́ni má sì nà án. Bí o ṣe ṣílẹ̀kùn fún ìyá rẹ láti inú fóònù wá, kí Ọlọ́run máa ṣílẹ̀kùn fún ọ kódà lọ́jọ́ tí o bá pẹ́ dé.

Bírò pupa náà wà nínú àpòòwé yìí, wò ó dáadáa kí o tó sọ ọ́ nù. Mo ti fi àyè sílẹ̀ létí ìwé. Yẹ lẹ́tà yìí wò, fa ìlà sábẹ́ ibi tó bá dùn ọ́, kí o sì fún mi ní máàkì tó tọ́ sí mi. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́wàá, dá a padà fún mi, màá tún un kọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó wà láàyè gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ti jẹ́rìí sí i.